Ewúro Màmá Àgbà àti Ọ̀nà Milton

Ẹfinrin ti yọ òdòdó tán. Ewé rẹ̀ ti ń pọ́n létí, ó ń gbọ̀n bí atẹ́gùn bá fẹ́, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn náà kò lágbára. Ilá ti kó; èyí tí mi ò tètè já ti le bí igi ìdáná. Ewé elégédé funfun káàkiri bí ẹni pé ẹnì kan gbọn ìyẹ̀fun sí i lára. Tòmátò tútù kún orí igi, kò sì ní pọ́n mọ́. Ata rodo nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn: ó ń pọ́n, ó sì tún ń tanná. Ní ìdí fẹ́ǹsì, ewúro dúró, ó ga jù mí lọ, ó dúdú mìnìjọ̀, kò mọ̀ pé ẹni tó gbìn ín ti lọ.

Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló ni ọgbà yìí, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Rexdale, ní Toronto. Wọ́n fi wá sílẹ̀ nígbà ooru tó kọjá yìí, nígbà tí tòmátò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so. Ìgbà ìwọ́wé àkọ́kọ́ tí èmi nìkan máa dá wà pẹ̀lú ewéko wọn nìyí. Ìtàn ìgbésí ayé wọn kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Mi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ ìdajì rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà nílẹ̀. Lọ́dọọdún, kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, Màmá Àgbà máa ń gé ewúro yìí ku kùkùté, wọ́n á hú u tòun ti gbòǹgbò sínú korobá, wọ́n á gbé e wọlé kí òtútù má bàa pa á. Wọ́n á wá mú díẹ̀ nínú igi tí wọ́n gé lọ fún àbúrò wọn ní ìlú Milton, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá Kékeré pè mí lórí fóònù.

“Àkànní, ta ló ń gbé igi mi bọ̀ lọ́dún yìí?”

Mo ní Bísí, ìyàwó mi, á gbé e wá lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́.

“Mi ò fẹ́ Bísí. Ìwọ ni kó o gbé e wá. Ìwọ lo jọ ẹ̀gbọ́n mi.”

Èmi kì í wakọ̀ dé Milton. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí tí kò mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí jàǹbá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi àti Ṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ mi, lórí háíwéè, nígbà tí à ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Bolton, mi ò tíì wakọ̀ jáde kúrò ládùúgbò wa. Ṣẹ́gun kò dé ilé. Èmi dé. Mo máa ń wakọ̀ dé ilé ìtajà, mo ń wà á dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń padà. Ibi tó bá jìn ju ìyẹn lọ, Bísí ló ń wa ọkọ̀. Nígbà tí Màmá Àgbà wà, wọ́n wà láàárín èmi àti ẹ̀rù náà bí ẹni tó gbé àpótí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ní báyìí, ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé tí mi ò bá jáde lọ́dún yìí, mi ò ní jáde mọ́.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe láràárọ̀ ni kí wọ́n lọ kí ewéko. Wọ́n á we ìborùn mọ́rí, wọ́n á wọ kóòtù Bísí tó tóbi jù fún wọn, wọ́n á dúró láàárín ọgbà. Nírú àkókò yìí nínú ọdún, ìkùukùu á bò wọ́n dé orúnkún, wọ́n á wá dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.

“Ẹ kú ìdúró o,” ni wọ́n máa ń wí fún ewúro. “Ẹ kú òtútù.”

Ewúro ni wọ́n ń pè ní ẹ̀yin, nítorí pé àgbà ni. Tòmátò kò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà. “Ìwọ, o ò tíì pọ́n? Ta lò ń dúró dè?” Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń fojú di tòmátò. Wọ́n ní, “Ó dé lánàá, ó ń lọ lọ́la. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n máa kúnlẹ̀ kí?”

Dárà, ọmọbìnrin mi, kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀ nígbà náà. Ó mọ “wá”, ó mọ “jẹun”, ó sì mọ “kú”, torí pé bí fóònù mi bá ti kú, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó sáré wọlé pẹ̀lú omijé lójú.

“Daddy, Grandma is telling the plants to die!”

Èmi àti Bísí wo ara wa. Ọmọ náà ní òun fi etí ara òun gbọ́ ọ: ẹ kú, ẹ kú, ẹ kú, láti orí igi kan dé orí èkejì. Bísí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ti ilé ìwòsàn dé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rọ́ wá sílé wa, wọ́n ń sọ pé “Ẹ kú ewu, ẹ kú ewu,” bó ṣe yẹ kí wọ́n kí ẹni tó yè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn, òun náà sì ni ọmọ mi ń sunkún lé lórí yìí.

Màmá Àgbà fà á jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. “Ta ló ní mo ní kí wọ́n kú?”

“You said it! You said kú!”

Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyẹn yé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ń wo ibi tí mo dúró sí lẹ́nu ilẹ̀kùn, bí ẹni pé èmi ni mo béèrè.

“Kì í ṣe ikú là ń pè,” ni wọ́n wí. “Ohun tó le tó dé bá èèyàn, òun la fi ń kí i, kó lè mọ̀ pé a rí i.”

Ìjà Màmá Àgbà pọ̀. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà ní Ìkìrun, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, Kánádà kò sì yí ìyẹn padà. Tẹ̀tẹ̀ ló dá èyí tó gùn jù nínú àwọn ìjà náà sílẹ̀. Níhìn-ín, tẹ̀tẹ̀ máa ń hù fúnra rẹ̀ káàkiri, àwọn èèyàn á sì máa tu ú dànù bíi koríko. Nígbà tí Màmá Àgbà kọ́kọ́ rí òyìnbó kan ládùúgbò tó ń tu tẹ̀tẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí, wọ́n rò pé ó ń kórè ni. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, wọ́n ń retí kó fún àwọn ní díẹ̀. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó wo àpò, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń gbàdúrà fún un títí wọ́n fi délé. Wọ́n ní òyìnbó yẹn lawọ́ ju ọba lọ.

Miss Vera, ìyá ará Jàmáíkà tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ní tiwọn mọ tẹ̀tẹ̀ dáadáa. Kalalú ni wọ́n ń pè é.

“Tẹ̀tẹ̀,” ni Màmá Àgbà á wí láti ẹ̀gbẹ́ tiwa.

“Kalalú!”

“Tẹ̀-tẹ̀.”

“Ka-la-lú, Mama! Me tell you already!”

Báyìí ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ, ọ̀kan ń sọ Yorùbá, èkejì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì Jàmáíkà, wọ́n á sì máa na ewé rẹ̀ sí ara wọn lórí fẹ́ǹsì nínú ìjà náà. Tí ìwọ́wé bá dé, tí èso rẹ̀ dúdú wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n sílẹ̀, atẹ́gùn á gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ tiwa mọ́. Mo bẹ Màmá Àgbà pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sílẹ̀, ẹ̀fọ́ kan náà ṣáà ni.

“Kí n fi í sílẹ̀ kẹ̀?” ni wọ́n wí. “Tí mo bá fi í sílẹ̀, kí ni èmi àti òun á wá máa sọ?”

Ti Màmá Kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjà ilé ni ìyẹn, ó sì ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀kan á ní òun lòun mú igi ewúro àkọ́kọ́ wá láti Ìkìrun, èkejì á ní irọ́ ni. Ẹ má bi mí bí igi náà ṣe wọ orílẹ̀-èdè yìí. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀. Àmọ́ nígbà òtútù kan, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kọṣẹ́ ní Milton, ewúro Màmá Kékeré sì kú. Màmá Àgbà kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó sì ya gbogbo wa lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ gbóná, wọ́n gé igi tiwọn fún àbúrò wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di òfin pé ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ ní ewúro kí òtútù tó dé, kí èyí tó bá yè lè tún èkejì bí.

Lọ́dọọdún, Màmá Àgbà á jókòó sínú mọ́tò Bísí, igi ewúro lórí ẹsẹ̀ wọn nínú aṣọ tútù bí ọmọ tuntun, wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà tí wọ́n fẹ́ lọ jà. “Ó tún máa sọ pé òun ló ni ín. Ẹ jẹ́ ó sọ ọ́. Mo ti mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn.” Bísí ní, “Màmá, ṣé ẹ ò lè gbé igi náà fún wọn ní àlàáfíà ni?” Wọ́n wò ó bí ẹni tí kò ní ẹbí.

“Ẹni tí a bá jọ ń pín nǹkan là ń bá jà, ìyàwó. Àlejò là ń ṣe àlàáfíà fún.”

Mo ti ń yí po. Ibi tí mo ń lọ rèé.

Lọ́dún tí jàǹbá náà ṣẹlẹ̀, mo fa kọ́tìnì yàrá mi dé. Fèrèsé náà kọjú sí títì, mi ò sì fẹ́ rí ọkọ̀ kankan. Ẹsẹ̀ mi ti ń san, dókítà ní kí n máa rìn. Mi ò rìn. Mo ń sùn, mo ń jí, mi ò mọ ìyàtọ̀ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Nínú oorun ni mo máa ń gbọ́ tí Màmá Àgbà ń kí ewéko lẹ́yìnkùlé. Ohùn wọn á máa bọ̀ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lódìkejì odò, á wá dà bíi pé Ìkìrun ni mo wà, pé mo ṣì kéré, pé kò sí ohun kankan tó tíì ṣẹlẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù. Pásítọ̀ sọ ọ́. Bísí fi ẹkún sọ ọ́. Màmá Àgbà nìkan ni kò sọ ọ́ rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n kéde pé ìrì máa dì, wọ́n fi ìdí korobá ti ilẹ̀kùn mi ṣí, wọ́n sì gbé ewúro wọlé, kùkùté lásán tí kò ní ewé kan. Wọ́n padà lọ gbé ẹfinrin. Wọ́n tún lọ gbé ata.

“Màmá, kí nìyí?”

“Àlejò rẹ ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn lọ sí bésímẹ́ńtì lábẹ́ ilé.”

“Ibi tó ṣókùnkùn yẹn? Kí ni wọ́n jí tí n ó fi tì wọ́n mọ́bẹ̀?”

“Màmá, mi ò fẹ́...”

“Fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé nígbà òtútù, ẹyọ kan ló wà nínú ilé yìí, ọ̀dọ̀ rẹ ló sì wà. Èmi ò ní kó o ṣí kọ́tìnì o. Mi ò bá ọ sọ nǹkan kan. Ìwọ àti ewúro ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́.”

Wọ́n gbé ife omi kan sílẹ̀, wọ́n jáde.

Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo kùkùté náà, kùkùté náà sì dákẹ́. Ó pẹ́ kí n tó dìde. Mo ṣí kọ́tìnì díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan sì bọ́ sórí igi náà bí okùn. Lọ́jọ́ kejì mo rí i pé kò tó, mo ṣí i sí i. Nígbà tí yìnyín máa fi bo títì, kọ́tìnì ti kúrò lójú fèrèsé pátápátá, mo ti ń jókòó ti ewúro, mo ń bu omi fún un, mo ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá bí ẹni ń wo ẹja nínú odò. Lọ́jọ́ tí ewé àkọ́kọ́ yọ, tó kéré bí etí èkúté, mo tọ Màmá Àgbà lọ ní ilé ìdáná láti sọ fún wọn. Ẹnu mi kàn dédé sọ ohun mìíràn. Mo ní, “Màmá, ẹ̀rù ṣì ń bà mí o.”

Wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n ń ro ọbẹ̀ wọn lọ.

“Kó máa bà ọ́. Ẹni tẹ́rù ń bà náà lè bu omi fún ẹlòmíràn mu.”

Nígbà tí ara wọn kò yá mọ́, ẹ̀yìnkùlé wá jìn sí wọn. Wọ́n á dùbúlẹ̀ ní pálọ̀ lọ́sàn-án, èmi á wọlé láti inú ọgbà, wọ́n á gba ìròyìn lẹ́nu mi.

“Ẹfinrin ńkọ́?”

“Ó wà.”

“Ilá?”

“Ó ti ń tanná.”

“Tòmátò ńkọ́, aláìníláárí yẹn?”

“Ó ti pọ́n, Màmá.”

Kò tíì pọ́n. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tiwọn fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ.

“Irọ́ lò ń pa,” ni wọ́n wí láìla ojú. “Àmọ́ ó dùn ún gbọ́. Tún un sọ.”

Mo ti kọ ọ́ dé ibí yìí nígbà tó di lánàá, tí rédíò ní ìrì máa dì mọ́jú. Bísí wà lẹ́nu iṣẹ́, Dárà wà nílé ìwé. Mo mú ayùn kékeré, mo lọ dúró ní ìdí ewúro, mi ò sì lè gé e. Mo dúró síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí Miss Vera fi yọ orí lórí fẹ́ǹsì, tí wọ́n béèrè bóyá igi Mama ni mo fẹ́ gé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n gé e nígbà náà, pé ìdúró mi ń dẹ́rù ba àwọn.

Mo gé e. Mo hú kùkùté rẹ̀ sínú korobá, mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Mo ṣa igi tó dára, mo já gbogbo ewé rẹ̀, mo fi aṣọ tútù wé e. Lẹ́yìn náà mo pe Bísí.

“Mò ń lọ sí Milton.”

Ó ní, “Dúró dè mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣíwọ́.”

“Rárá.”

“Gba Derry Road,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Má gba háíwéè o.”

“Ṣé orí mi dàrú ni?”

Mo gbé igi náà sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, mo de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Mo ń wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè, wọ́n ń yà kọjá, mo sì ń bẹ̀ wọ́n nínú mọ́tò bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ mi. Ewé pupa ń já bọ́ sórí gíláàsì, á lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, á fò lọ. Gbogbo nǹkan rọra ń kọjá bí ohun tí mo ti rí lójú oorun tẹ́lẹ̀. Ní Meadowvale, tírélà kan wá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òjìji rẹ̀ bo inú ọkọ̀ mi. Mo yà sí iwájú ilé iṣẹ́ kan, mo pa iná ọkọ̀. Ọwọ́ mi kò kúrò lórí sítíárìn. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìrìn náà parí sí, pé Bísí á wá gbé mi bí ó ti ń gbé mi láti ìgbà yìí wá.

Fóònù dún. Màmá Kékeré ni.

“Ibo lo dé?”

“Meadowvale, Màmá.”

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀? Ṣé Meadowvale ni mò ń gbé?”

“Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Mo gbọ́,” ni wọ́n wí. “Máa bọ̀.”

Mo jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà mo ṣíná ọkọ̀.

Àwọn ilé tuntun ní Milton jọra wọn bí ìbejì, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè ṣi tiwọn mọ̀, torí pé Màmá Kékeré ti dúró síta pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré. Wọn ò kí mi. Wọ́n gba igi náà, wọ́n tú aṣọ ara rẹ̀, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

“Orí rẹ̀ dà?”

“Orí kẹ̀?”

“Apá wo ló wà lókè nígbà tó wà lára igi? Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gé ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, á gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìwọ gé méjèèjì bákan náà.”

Mo wo igi náà. Mi ò mọ̀.

“O gbé nǹkan láti Rexdale dé Milton, o ò mọ orí, o ò mọ ìdí!” Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di èjìká mi mú, títí tí kò fi jẹ́ ẹ̀rín mọ́, mo sì dì wọ́n mú kí wọ́n má ṣubú.

Nígbà tó rọlẹ̀, a jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n gbé igi kan lé orí ẹsẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ara rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúró lójú ibì kan, wọ́n wá fa ọwọ́ mi síbẹ̀. Nǹkan kékeré kan yọ gọngọ lára igi náà, kò tó orí abẹ́rẹ́.

“Ojú rẹ̀ nìyẹn, ibi tí ewé máa gbà yọ,” ni wọ́n wí. “Bó ti wù kó o dì í mú, òkè ló ń wò.”